Èpò ọdún yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti èṣí: Bí òjò àti ọ̀dá ṣe ń pinnu iye ìgbà tí àgbẹ̀ yóò ro oko

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Kò sí ibi tí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó inú oko. Òjò tó ń mú kí àgbàdo yọ ewé tútù náà ló ń jí èpò tó ti sùn sínú ilẹ̀ láti èṣí àti láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Omi tí àgbẹ̀ ń gbàdúrà fún, èpò náà ń retí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi lè gbin ohun kan náà sórí ilẹ̀ kan náà fún ọdún méjì, kí ọdún kan rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ ní gbèsè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtẹnudẹ́nu lọ́dọ̀ akọ̀ròyìn yín. Bàbá mi àgbà ń dáko ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Éékà méjì ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń gbìn, wọn a sì fi àgbàdo sáàárín rẹ̀. Lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ro oko náà, ó sì tó. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ilẹ̀ náà kò yí padà, igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn kò yí padà, àwọn alágbàṣe tó ro ó lọ́dún àkọ́kọ́ náà ló tún ro ó. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ro ó, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì wú níbẹ̀ kò tó ti èṣí. Owó tí Bàbá ti yà sọ́tọ̀ láti fi pààrọ̀ páànù ilé, ọwọ́ alágbàṣe ló bá lọ.

Nígbà tí mo dé abúlé, mo bi wọ́n léèrè pé, "Bàbá, ṣé kì í ṣe pé àwọn alágbàṣe yẹn ò ro oko náà dáadáa ni?"

Wọ́n wò mí lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé lo kà, o ò tíì ka ilẹ̀. Wọ́n ro ó dáadáa. Òjò ni kò jẹ́ kí èpò kú."

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ yìí ni mo gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn kọ, mo sì rí i pé ibi tí wọ́n dé náà nìyẹn. Ohun méjì ló ń pinnu bí èpò yóò ṣe pọ̀ tó lọ́dún kan: ohun tó wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ohun tí ojú ọ̀run bá ṣe lọ́dún náà. Àgbẹ̀ tó bá ń fi kàlẹ́ńdà èṣí ro oko ọdún yìí, ó ń fi bàtà ẹlòmíràn rìn ni.

Ilẹ̀ kì í gbàgbé

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí á mọ̀ ni pé èpò tó hù lónìí, kì í ṣe òní ló dé. Inú ilẹ̀ oko kún fún irúgbìn èpò tí ojú kò lè kà tán. Díẹ̀ nínú wọn ló máa ń hù lọ́dún kan, àwọn tó kù á máa sùn. Òmíràn ń dúró de ọ̀rinrin, òmíràn ń dúró de ooru ilẹ̀, òmíràn ń dúró de ọjọ́ tí ọkọ́ tàbí katakata yóò gbé e wá sókè kó lè rí ìmọ́lẹ̀.

Lọ́dún 1879, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ William James Beal, ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, po irúgbìn oríṣiríṣi èpò mọ́ iyanrìn, ó rọ ọ́ sínú ogún ìgò, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iye ọdún tí irúgbìn èpò lè lò nínú ilẹ̀ kó tó kú. Láti ìgbà náà, àwọn tó jogún iṣẹ́ yìí ń hú ìgò kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n á bu omi sí irúgbìn inú rẹ̀, wọ́n á máa wò ó. Lọ́dún 2021, wọ́n hú ìgò mìíràn jáde, ó sì ti lo ọdún 142 nínú ilẹ̀. Irúgbìn ọ̀kan nínú àwọn èpò náà ṣì hù. Ẹni tó rì í mọ́lẹ̀ ti re ibi àgbà ń rè tipẹ́tipẹ́, èpò kò kú.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo èpò ló ń pẹ́ tó báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lóko wa ni agbára irúgbìn wọn ń dín kù láàárín ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí àpò wọn gbẹ. Ẹyọ igi imí-eṣú kan ṣoṣo tàbí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún kan lè gbọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún irúgbìn sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Bí òjò àrọ̀kúrò èṣí bá pọ̀ jù tí àgbẹ̀ kò fi ráyè ro oko rẹ̀ kẹ́yìn, gbèsè tí yóò san lọ́dún yìí nìyẹn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Òjò ẹlẹ́tàn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a mọ bí òjò ṣe máa ń rìn. Òjò àkọ́rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, yóò máa le sí i títí di oṣù keje, yóò sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ni òjò àrọ̀kúrò á gba iṣẹ́ láti oṣù kẹsàn-án títí di ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Èyí ni ètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí kì í yí ètò yìí padà díẹ̀, ibi ìyípadà yẹn gan-an sì ni èpò ti ń rí àyè.

Ẹ jẹ́ ká mú àgbẹ̀ méjì tí oko wọn pààlà. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ilẹ̀ tutù. Àgbẹ̀ àkọ́kọ́ sáré gbin àgbàdo rẹ̀ kí ó lè kọ́kọ́ dé ọjà. Lẹ́yìn èyí, òjò sá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbàdo tó ti hù rọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kú, oko wá rí hánrán-hànràn bí ẹnu arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká. Èpò tó bá a hù kú díẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èpò ní arọ́pò nínú ilẹ̀, àgbàdo kò ní. Nígbà tí òjò padà dé, gbogbo àlàfo tí àgbàdo fi sílẹ̀ ni èpò gbà. Àgbẹ̀ yìí á tún irúgbìn rà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko kí àgbàdo tuntun tó yọ ewé mẹ́ta.

Àgbẹ̀ kejì ní sùúrù. Ó túlẹ̀ sílẹ̀ nígbà òjò àkọ́kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò gbin nǹkan kan. Èpò rò pé ọdún ti dé, ó hù. Nígbà tí òjò gidi fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ yìí fi ọkọ́ ha ojú ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò wà á jìn kí ó má baà gbé irúgbìn mìíràn wá sókè, ó sì pa gbogbo èpò àkọ́hù yẹn kí ó tó gbin àgbàdo rẹ̀. Òjò tó tan ẹnì kejì rẹ̀ jẹ, èpò ló tan jẹ fún òun. Ojú ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ohun tí wọ́n fi ṣe ló yàtọ̀.

Ọdún tí òjò kò dá

Ọdún kejì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lóko Bàbá, ọdún òjò àìdá ni. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé, láti ìgbà tí ẹ̀gẹ́ ti ga dé orókún ni òjò ti ń rọ̀ ní ọjọ́ kejì-kejì. Àwọn alágbàṣe á ro ebè mọ́ tónítóní ní òwúrọ̀, òjò á dé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, èpò tí wọ́n ti hú sílẹ̀ á ti gbé orí sókè, á ti ta gbòǹgbò tuntun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ìgboro kò mọ̀ nìyí: ọkọ́ nìkan kọ́ ló ń pa èpò, oòrùn ni igbákejì rẹ̀. Ọkọ́ á yọ gbòǹgbò kúrò nínú ilẹ̀, oòrùn á sì gbẹ ẹ́ pa. Bí oòrùn kò bá jáde, iṣẹ́ ọkọ́ di ìdajì. Àwọn èpò tó ń fà lórí ilẹ̀, tí igi wọn lómi nínú, ló burú jù. Bí a bá gé wọn sí mẹ́rin lórí ilẹ̀ tútù, igi mẹ́rin ni wọ́n máa dà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kó wọn kúrò nínú oko sórí àpáta tàbí sórí kùkùté, kí wọ́n má baà fojú kan ilẹ̀ mọ́.

Ìṣòro kejì ni ti alágbàṣe. Nígbà tí òjò bá rọ̀ léraléra, gbogbo oko ní àdúgbò ló ń kún lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àgbẹ̀ ló sì ń wá alágbàṣe ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Owó iṣẹ́ á lọ sókè, ẹni tí kò bá sì lówó lọ́wọ́ á dúró de ìgbà tó bá kàn án. Dídúró yìí gan-an ló ń pa oko, nítorí pé irúgbìn ní ìgbà tí kò lè fara da èpò rárá.

Fún àgbàdo, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a bá gbìn ín ni ìgbà náà. Fún ẹ̀gẹ́, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni, nítorí ẹ̀gẹ́ kì í tètè na ewé bo ilẹ̀. Bí èpò bá bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta yìí, ìdajì ìkórè tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lọ sí i, kódà bí a bá wá ń ro ó lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, ti ń ṣiṣẹ́ lórí èpò láti ọjọ́ pípẹ́. Láti ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé Okezie Akobundu àti C. W. Agyakwa ti gbé ìwé atọ́nà kan jáde lọ́dún 1987 nípa àwọn èpò ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 2014, IITA tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe kan lórí èpò inú oko ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta àti ti Makurdi, àti ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Umudike. Ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé oko ríro ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ló sì ń ru ẹrù náà nínú ọ̀pọ̀ ìdílé. Nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé, ìdí ebè ni wọ́n á ti bá a.

Ọdún tí òjò sá lọ

Àwọn kan lè máa rò pé bí òjò bá wọ́n, èpò náà yóò wọ́n, àgbẹ̀ á sì sinmi. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Lóòótọ́, èpò kéékèèké tí gbòǹgbò wọn kò jìn á rọ, ọkọ́ á sì tètè pa wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn èpò kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dá ni ọdún tiwọn.

Àpẹẹrẹ kan ni èkan. Gbòǹgbò èkan tó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ síbẹ̀. Bí ojú ilẹ̀ bá gbẹ, ewé rẹ̀ lè gbẹ pẹ̀lú, gbòǹgbò kò ní kú. Dáńdá náà rí bẹ́ẹ̀, ó ní kóró lábẹ́ ilẹ̀ tó lè dúró de òjò. Àgbàdo tí àgbẹ̀ gbìn kò ní irú àpamọ́ yìí. Nígbà ọ̀dá, ewé àgbàdo á ká, ẹ̀gẹ́ á wọ̀ǹwé, ilẹ̀ á wà ní ìhòòhò, kò ní sí òjìji tí yóò dí èpò lọ́wọ́. Ọjọ́ tí òjò bá padà dé, èkan ti gbára dì, irúgbìn ṣì ń wá ẹsẹ̀ fi dúró.

Èpò mìíràn tún wà tó burú ju èyí lọ, tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ dáadáa láti apá ìpínlẹ̀ Kwara lọ sí òkè ọya. Òyìnbó ń pè é ní Striga. Òdòdó rẹ̀ rẹwà lójú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò àgbàdo àti ti ọkà bàbà ló ń so mọ́, ó ń fa omi àti oúnjẹ wọn mu láti ìsàlẹ̀ kó tó yọ orí síta. Ẹyọ kan rẹ̀ lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún irúgbìn tó kéré bí ẹ̀kúná, wọ́n sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ tó ti ṣá, tí òjò sì wọ́n níbẹ̀, ni ó ti ń jayé jù. Lọ́dún òjò tó ṣe déédéé, lórí ilẹ̀ tó ní ọ̀rá, apá àgbàdo lè ká a díẹ̀. Lọ́dún ọ̀dá, ìyà méjì ló ń jẹ àgbàdo: ti òùngbẹ òkè àti ti olè ìsàlẹ̀.

Ọyẹ́, iná oko àti Akíntọ́lá

Àwọn àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí kò ní gbàgbé ọdún 1983, ọdún tí ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ghana, padà sílé. Ọ̀dá mú lọ́dún náà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Iná oko jó igbó, ó sì jó ọ̀pọ̀ oko kòkó ní Ghana, àwọn olóko kòkó nílẹ̀ wa náà sì tọ́ ọ wò. Nígbà tí òjò padà dé sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kòkó kọ́ ni ó kọ́kọ́ ń hù níbẹ̀, èkan àti Akíntọ́lá ni.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí iná bá jó èkan, ewé nìkan ló jó. Gbòǹgbò rẹ̀ wà lálàáfíà nínú ilẹ̀. Kódà, iná ni ó sábà máa ń mú kí ó yọ òdòdó funfun bí òwú, tí afẹ́fẹ́ á sì gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Igi ńlá tó ń ṣíji bò ó tẹ́lẹ̀ ni iná pa. Èkan kò sì fẹ́ràn òjìji, nítorí náà iná ti bá a lé ọ̀tá rẹ̀ lọ.

Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àárín àti ti gúúsù ló ti ṣẹ̀ wá. Ìwé àwọn onímọ̀ sọ pé kí ọdún 1940 tó dé ló ti wọ Nàìjíríà, tó bá irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó láti Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, wọlé. Ìgbà ọyẹ́ ni irúgbìn rẹ̀ ń gbó. Ó fúyẹ́, ó ní irun lórí, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á sì gbé e lọ síbi tó bá wù ú. Bí ọyẹ́ bá le tó sì pẹ́, tí iná sì ti jó ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dè é, ọdún tó ń bọ̀ ti di tirẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń kanra mọ́ Akíntọ́lá nínú oṣù karùn-ún, oṣù kejìlá ni ó ti wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Ẹ̀kún omi náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí omyalé ọdún 2012 àti ti 2022 bo oko mọ́lẹ̀ lẹ́bàá odò Ọya àti Benue, kì í ṣe irúgbìn nìkan ni wọ́n pàdánù. Omi máa ń ru irúgbìn èpò láti oko kan dé òmíràn, ẹni tí kò ní irú èpò kan rí lè bá a nínú ìrẹsì rẹ̀ nígbà tí omi bá fà.

Oògùn náà ń gbọ́ ti ojú ọjọ́

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti gbé ọkọ́ sílẹ̀, oògùn apakoríko ni wọ́n ń fín báyìí. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò ju ojú ọjọ́ lọ. Èyí tí a ń fín sórí ilẹ̀ kí èpò tó hù nílò ọ̀rinrin díẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, á kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lé e lórí, á gbá a lọ sínú odò tàbí kó wọlẹ̀ jù. Èyí tí a ń fín sára ewé náà ń fẹ́ wákàtí mélòó kan láìsí òjò. Bí èpò bá sì ti rọ nítorí ọ̀dá tàbí tí eruku bo ewé rẹ̀, kì í mu oògùn náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí àgbẹ̀ bá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tó fín in ni kò dára.

Ẹ má sì gbàgbé pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat nílẹ̀ wa nítorí májèlé inú rẹ̀ tó ń pa èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá fi lọ̀ lọ́jà, kó má gbà á.

Ohun mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti ọdún kan. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide, tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ, ń pọ̀ sí i lójú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, nǹkan bí 315 ni nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti kọjá 420 báyìí. Irúgbìn ń jẹ nínú rẹ̀, èpò náà ń jẹ nínú rẹ̀, ooru sì ń pọ̀ pẹ̀lú. Nínú ìdíje báyìí, èpò ní àǹfààní kan: oríṣiríṣi ni ó, bí ojú ọjọ́ bá pa ọ̀kan lára, á ṣe òmíràn láǹfààní. Irúgbìn tí àgbẹ̀ gbìn, ẹyọ kan tàbí méjì ni.

Kí ni kí àgbẹ̀ ṣe?

Kò sẹ́ni tó lè di òjò lọ́wọ́ láti rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè fi ipá mú un wá. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ máa kọ ọjọ́ òjò sílẹ̀. Ẹ gbé agolo kan tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ dọ́gba sí gbangba, níbi tí igi kò ti bò ó. Lẹ́yìn òjò, ẹ fi rúlà ọmọ ilé ìwé wọn omi inú rẹ̀, kí ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ro oko. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé yẹn yóò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún yín nípa oko yín. Ẹ sì máa tẹ́tí sí rédíò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, NiMet, bá gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde. Ó máa ń sọ ìgbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó lè dá, àti ibi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti lè wáyé.

Èkejì, ẹ má ṣe sáré tọ òjò àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí èpò hù, ẹ pa á, lẹ́yìn náà kí ẹ gbìn.

Ẹ̀kẹta, ẹ ya owó ìroko àkọ́kọ́ àti ìkejì sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹni tó gbin éékà mẹ́rin tó sì ní owó láti ro méjì, éékà méjì ló gbìn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èpò tó ní ewé méjì, ọmọdé á fi ọkọ́ kékeré pa á. Tó bá ti yọ òdòdó, ó di ogun.

Ẹ̀kẹrin, bí òjò bá pọ̀, ẹ ṣọ́ ọjọ́ tí oòrùn bá yọ láàárọ̀, kí ẹ ro oko lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ẹ má jókòó sílé. Ìgbà yẹn ló dára jù láti hú gbòǹgbò èkan àti kóró dáńdá síta kí oòrùn gbẹ wọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ bo ilẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbin ẹ̀gúsí sínú oko iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ewé rẹ̀ ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, kì í jẹ́ kí èpò rí oòrùn. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi irú wèrèpè kan tí kì í yún èèyàn bo ilẹ̀ tí èkan ti gbà. Ó gun èkan, ó sé oòrùn mọ́ ọn, ilẹ̀ sì padà wúlò.

Ẹ̀kẹfà ni èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń gbójú fò. Lẹ́yìn tí a bá kórè àgbàdo tán, a máa ń pa oko tì, a ó ní iṣẹ́ ti parí. Ìgbà yẹn gan-an ni èpò ń so. Ẹni tó bá fi ọjọ́ méjì sán oko náà kí irúgbìn èpò tó gbó, ọdún tó ń bọ̀ ló ti ń ro.

Nígbà tí mo padà sí abúlé lọ́dún tó tẹ̀lé ọdún òjò àìdá yẹn, oko Bàbá ti kéré. Éékà kan àtààbọ̀ ni wọ́n gbìn, wọ́n fi ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀gẹ́, wọ́n sì dúró títí èpò àkọ́hù fi jáde kí wọ́n tó gbin ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ro ó. Mo bi wọ́n bóyá ọgbọ́n ni ó ṣe é tàbí òjò ọdún náà ló dára.

"Méjèèjì ni," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Òjò dára díẹ̀, èmi náà sì gbọ́n díẹ̀. Bí òjò ò bá dára lọ́dún tó ń bọ̀, ó kéré tán, ọgbọ́n á wà nílẹ̀."

Páànù ilé náà ṣì ń jò níbì kan. Wọ́n ní bí wọ́n bá wú ẹ̀gẹ́ tán, àwọn á ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.